Igbó Tó Ń Bọ́ Odò

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Nanyuki lọ sí Òkè Kẹ́ńyà, igi kan ni yóò kọ́kọ́ pàdé kí ó tó wọ inú igbó gidi. Igi náà ga, ó tọ́ gbọnrangandan. Èèpo ara rẹ̀ ń bó ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka bí ìpẹ́ ẹja. Àwọn Kikuyu ń pè é ní mutarakwa. Òyìnbó sọ ọ́ ní kédárì, àmọ́ kì í ṣe kédárì Lẹ́bánónì inú Bíbélì. Ẹ̀yà júnípà ni, òun nìkan sì ni júnípà tó ń lalẹ̀ hù ní ìhà gúúsù ìlà agbedeméjì ayé. Bí wọ́n bá la igi náà, inú rẹ̀ pupa, òórùn rẹ̀ dùn, ó rọrùn láti gbẹ́, ikán kì í sì í jẹ ẹ́. Gbogbo ìwà rere yìí ni ó kó o sí wàhálà.

Òkè Kẹ́ńyà fúnra rẹ̀ ga tó mítà 5,199. Yàtọ̀ sí Kilimanjaro, kò sí òkè tó ga jù ú lọ ní Áfíríkà. Òkè oníná ni tẹ́lẹ̀, iná inú rẹ̀ ti kú tipẹ́tipẹ́, omi dídì sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìlà agbedeméjì ayé gbà kọjá. Igbó ni ó di òkè náà lámùrè. Níhà ìwọ̀-oòrùn àti àríwá, níbi tí òjò kò ti pọ̀, kédárì àti ólífì igbó ni wọ́n jọ ń gbé. Níhà gúúsù àti ìlà-oòrùn, níbi tí afẹ́fẹ́ Òkun Íńdíà ti ń gbé òjò wá, igi káńfọ̀ ni ọba, òun ni Kikuyu ń pè ní muthaiti. Muthengera, tí ó jẹ́ mọ̀lẹ́bí páìnì lọ́nà tó jìn, wà láàárín wọn, ewé rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bí a bá ń gòkè sí i, a óò kan ọparun tó ṣù bí òru, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn igi kúkúrú tí ewéko funfun ń rọ̀ dirodiro lára wọn, lẹ́yìn ìyẹn, pápá olótùútù. Erin ń rìn nínú igbó yìí, edun ń fò lórí igi, bongo tó ní ilà funfun lára sì ń fara pamọ́ sínú ọparun.

Igi kan wà níbẹ̀ tí kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Muiri ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Kikuyu, ó sì wà lórí òkè Mambilla tiwa náà. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí Yúróòpù láti fi ṣe oògùn fún àwọn àgbà ọkùnrin tí ìtọ̀ ń yọ lẹ́nu. Ẹni tó bá bó èèpo yẹn yí igi ká ti pa á, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n sì ti pa bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olótùútù, àwọn igi ẹ̀yà páìnì máa ń dá igbó tiwọn ní, àwọn igi eléwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ a sì wà níbòmíràn. Lórí àwọn òkè Kẹ́ńyà wọ́n jọ ń gbé ni, ohun tó sì so wọ́n pọ̀ ni iná. Ọmọ kédárì kì í lè dàgbà lábẹ́ òjìji. Nígbà tí iná bá jó apá kan igbó, tàbí tí igi ńlá bá wó, tí oòrùn ráyè kan ilẹ̀, ìgbà náà ni ọmọ kédárì yóò dìde lọ́pọ̀ yanturu. Abẹ́ wọn ni ólífì àti àwọn igi eléwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ yóò ti máa yọ́ dàgbà, títí tí kédárì àgbà yóò fi kú, tí àwọn yẹn yóò sì jogún ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Ẹni tí ó bá fi ojú ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún wo irú igbó bẹ́ẹ̀ kò lè lóye rẹ̀, ojú ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún sì ni ọ̀pọ̀ ìjọba fi wò ó.

Ohun tí igbó náà ń ṣe jùlọ, omi ni. Ìkùukùu ń fẹ́ kọlu ewé àti ewédò ara igi, ó ń di ìrì, ó ń kán sílẹ̀. Ewé jíjẹrà tó nípọn nísàlẹ̀ ń gba òjò dúró, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé odò ń ṣàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Odò Tana, tó gùn jù lọ ní Kẹ́ńyà, ti orí òkè yìí àti òkè Nyandarua ṣàn wá, ó sì ń lọ sínú Òkun Íńdíà. Àwọn ìdídò bíi Masinga, Gitaru àti Kindaruma tí wọ́n ń fún orílẹ̀-èdè náà ní iná mànàmáná, orí Tana ni wọ́n wà. Ìdídò Ndakaini, tí Nairobi ń mu omi rẹ̀, ẹsẹ̀ Nyandarua ni ó wà. Odò Ewaso Ng'iro gba àríwá lọ sọ́dọ̀ àwọn Samburu, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ táútáú. Níhà ìwọ̀-oòrùn, igbó Mau ń bọ́ odò Mara àti àwọn odò tó ń lọ sí Adágún Victoria àti Adágún Nakuru.

Kí òyìnbó tó dé, igbó yìí ti ní ẹni tó ni ín. Àwọn Kikuyu gbà pé Ngai, Ẹlẹ́dàá, ní ibùgbé lórí òkè náà tí wọ́n ń pè ní Kirinyaga, òun ni ó sì fi ilẹ̀ han baba ńlá wọn, Gikuyu, tó fún un ní Mumbi ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ń gbàdúrà lábẹ́ mugumo, ìbátan ọdán tó ń ṣíji bo ọjà àti iwájú ààfin ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n a sì kọjú sí òkè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé mugumo. Jomo Kenyatta kọ̀wé nípa ìgbésí ayé wọn nínú ìwé rẹ̀ Facing Mount Kenya, tí ó jáde ní 1938. Ó sọ níbẹ̀ pé àwọn ọdẹ inú igbó ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, àti pé ọwọ́ wọn ni àwọn Kikuyu ti ra ilẹ̀.

Irú àwọn ọdẹ bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní igbó Mau. Ogiek ni orúkọ wọn. Oyin ni ọrọ̀ wọn, mo sì fẹ́ kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ilé oyin, nítorí pé ó sọ bí wọ́n ṣe mọ igbó náà tó. Wọn yóò gé ìtì kédárì, wọn yóò là á sí méjì láti orí dé ìdí. Wọn yóò gbẹ́ inú rẹ̀ títí tí yóò fi ṣófo, wọn yóò wá dé ìlàjì kan lé ìkejì, kí wọ́n dè é pinpin. Èèpo kédárì kan náà ni wọn yóò fi wé e lára kí òjò má baà wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan yóò gbé e gun orí igi, yóò so ó mọ́ ibi tí ẹ̀ka ti pàdé. Ikán kò ní jẹ ẹ́, kò sì ní jẹrà bọ̀rọ̀. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe pín igbó. Ilẹ̀ ìdílé kọ̀ọ̀kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, yóò sì gòkè lọ gba inú oríṣiríṣi igbó kọjá, nítorí pé ìgbà tí igi ń tanná nísàlẹ̀ kọ́ ni ó ń tanná lókè. Bí oyin bá tán níhìn-ín, ìdílé a ṣí lọ sọ́hùn-ún. Ẹni tó bá gba apá kan lọ́wọ́ wọn ti já ọdún wọn sí méjì.

Òyìnbó àkọ́kọ́ tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fi ojú rí òkè náà ni Johann Ludwig Krapf, ajíhìnrere ará Jámánì. Ọdún 1849 ni, láti Kitui ni ó sì ti rí i lókèèrè. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Yúróòpù kò gbà pé omi dídì lè wà lórí agbedeméjì ayé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Joseph Thomson dé ní àwọn ọdún 1880, ó sì fi orúkọ Olúwa Aberdare, ààrẹ ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ní Lọ́ńdọ̀nù, pe Nyandarua. Halford Mackinder gun Òkè Kẹ́ńyà dé orí ní 1899. Nígbà yẹn ojú irin ti dé Nairobi, igi ni àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń jó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iye ìtì díwọ̀n igbó orí òkè.

Ìjọba amúnisìn sọ igbó di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yọ ilẹ̀ olóràá tó wà ní ẹsẹ̀ òkè fún àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun, wọ́n lé onílẹ̀, onílẹ̀ sì padà wá di alágbàṣe lórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Kédárì di òpó ọgbà fún oko àwọn òyìnbó, ó sì di pẹ́ńsùlù: wọ́n ń là á, wọ́n ń kó o lọ sí Yúróòpù, nítorí kédárì tí wọ́n ń fi ṣe pẹ́ńsùlù ní Amẹ́ríkà ti ń tán lọ. Mélòó nínú àwọn baba wa tó kọ A-B-D wọn ní sáà yẹn ni kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí igi òkè Kẹ́ńyà wà lọ́wọ́ wọn?

Ní 1910 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní shamba. Wọ́n á fún ẹbí kan ní apá kan igbó kí wọ́n ṣán an, kí wọ́n gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti ànàmọ́ síbẹ̀. Láàárín ohun ọ̀gbìn náà, wọ́n á gbin igi tí ìjọba fẹ́, wọ́n á sì máa tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí igi bá ga tó ń ṣíji bo oko, ẹbí náà á kó lọ sí apá mìíràn. Ètò yìí dá igi àjèjì sílẹ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po: sáípírẹ́sì láti Mẹ́síkò, páìnì láti Mẹ́síkò àti Kalifọ́níà. Àwọn tó mọ igbó Òmọ àti Gàm̀bàrí nílẹ̀ wa kò ní ṣàìmọ irú rẹ̀, níbi tí Gmelina àti tíìkì ti dúró sí ipò ìrókò àti ọ̀gànwó. Èmi kò bá ẹbí tó ń wá ibi gbin ẹ̀wà jà. Ohun tó dùn mí ni pé igbó tí ọgọ́ọ̀rọ̀ igi jọ wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣán, kí irú igi kan ṣoṣo lè dúró ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, wọ́n a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé igbó ṣì ni.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, igbó náà di ilé ogun. Ní ọjọ́ 6, oṣù kejì, 1952, ọmọbìnrin ọba Gẹ̀ẹ́sì wà ní Treetops, ilé àlejò tí wọ́n kọ́ sórí igi mugumo nínú igbó Nyandarua láti máa wo erin, nígbà tí bàbá rẹ̀ kú tí òun sì di Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá ọdún náà gan-an, ìjọba kéde òfin pàjáwìrì nítorí ẹgbẹ́ ajàjàgbara Mau Mau. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ Kikuyu, Embu àti Meru wọ igbó Nyandarua àti ti Òkè Kẹ́ńyà láti jà fún ilẹ̀. Nígbà tó di 1954, wọ́n ti dáná sun Treetops.

Àwọn ọ̀gágun wọn kì í ṣe ọ̀dọ́ aláìmọ̀kan. Waruhiu Itote, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gágun China, ti jà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Bọ́mà, ogun kan náà tí ó kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ sí aginjù Éṣíà. Ohun tí ó kọ́ níbẹ̀ nípa ogun inú igbó ni ó gbé padà sí Òkè Kẹ́ńyà. Dedan Kimathi ni ó wà ní Nyandarua. Inú ihò igi ni wọ́n ti ń fi lẹ́tà sílẹ̀ fún ara wọn. Oyin, ẹran ìgbẹ́ àti oúnjẹ tí àwọn obìnrin ń yọ́ gbé wá láti abúlé ni wọ́n fi ń gbẹ́mìí ró. Òtútù òkè náà pọ̀, iná sì léwu lọ́sàn-án nítorí èéfín.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé igbó ni odi wọn, nítorí náà igbó ni wọ́n kọjú ìjà sí. Ọkọ̀ òfurufú ju bọ́ǹbù sínú rẹ̀. Wọ́n fipá kó àwọn ará abúlé, tọkùnrin tobìnrin, láti wa kòtò jíjìn sí etí igbó, èyí tó gùn tó àádọ́ta máìlì, wọ́n sì ri ọparun ṣíṣóńṣó mọ́ inú rẹ̀ kí oúnjẹ má baà kọjá. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí pé ọwọ́ ìyá ni wọ́n fi wa kòtò tí yóò febi pa ọmọ. Wọ́n mú Itote ní 1954. Wọ́n yìnbọn fún Kimathi, wọ́n sì mú un ní oṣù kẹwàá 1956, wọ́n so ó kọ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kamiti ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, 1957. Muthoni wa Kirima, obìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n fi joyè Field Marshal láàárín wọn, kò kúrò nínú igbó títí tí Kẹ́ńyà fi gba òmìnira ní oṣù kejìlá 1963. Irun tó dá nínú igbó wà lórí rẹ̀ títí di 2022.

Òmìnira dé, igbó tó bo àwọn ajàjàgbara mọ́lẹ̀ kò sì rí ojú rere. Àwọn olóṣèlú rí i pé ilẹ̀ igbó ṣeé fi san gbèsè ìbò. Ní 1999, àjọ tó ń rí sí ẹranko ìgbẹ́ gbé ọkọ̀ òfurufú kékeré yípo Òkè Kẹ́ńyà, wọ́n sì rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ewé: ibi tí wọ́n ti gé káńfọ̀ àti kédárì lọ́nà àìtọ́, iná èédú, oko igbó tí wọ́n ń mu, àti ilẹ̀ shamba tí ẹnikẹ́ni kò gbin igi padà sí. Ìròyìn yẹn ni ó mú kí wọ́n fi igbó náà sábẹ́ àjọ ọ̀hún ní 2000. Àmọ́ ní 2001, ìjọba tún yọ nǹkan bí hẹ́kítà 61,000 kúrò lára igbó Mau, wọ́n ní àwọn ń fún tálákà nílẹ̀. Àwọn tálákà rí díẹ̀ gbà. Àwọn alágbára rí púpọ̀.

Obìnrin tó kọ ojú sí irú ìwà yìí, ọmọ ẹsẹ̀ Nyandarua ni. Wọ́n bí Wangari Maathai ní 1940 ní Ihithe, lẹ́bàá Nyeri. Ó kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ìyá òun kìlọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ ṣẹ́ igi ìdáná lára mugumo tó wà nítòsí ilé, torí igi Ọlọ́run ni. Odò kékeré kan ń ṣàn nítòsí rẹ̀. Nígbà tó kàwé tán tó padà dé láti Amẹ́ríkà, ẹni tó gba ilẹ̀ náà ti gé mugumo náà kí ó lè ráyè gbin tíì, odò sì ti gbẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ tó wọlẹ̀ ṣinṣin ni ó ń fa omi ìsàlẹ̀ wá sókè. Ohun tí àgbà fi èèwọ̀ dáàbò bò, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wá jẹ́rìí sí i, lẹ́yìn tí ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, 1977, ó gbin igi méje sí Kamukunji ní Nairobi. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Green Belt ti ṣẹ̀. Àwọn obìnrin abúlé ni ó gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, wọ́n ń gba owó díẹ̀ lórí igi kọ̀ọ̀kan tó bá yè, nígbà tó sì fi gba ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà ní 2004, igi tí wọ́n ti gbìn lé ní mílíọ̀nù 30. Ní oṣù kìíní 1999, nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sínú igbó Karura ní Nairobi, àwọn jàǹdùkú lù ú lórí. Ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ buwọ́ lu ìwé ẹ̀sùn. Karura wà títí dòní. Ọjọ́ tí ìròyìn Nobel dé bá a ní Nyeri, igi ni ó gbìn, igi òrúrù tiwa yìí, ó sì kọjú sí Kirinyaga. Nígbà tó kú ní oṣù kẹsàn-án 2011, ó ti ní kí wọ́n má ṣe fi pákó ṣe pósí òun. Ọparun àti koríko omi ni wọ́n fi hun ún.

Iṣẹ́ rere mìíràn náà wà. Ẹgbẹ́ Rhino Ark, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ti fi ọgbà oníná yí Nyandarua ká, wọ́n parí rẹ̀ ní 2009, ó sì gùn tó 400 kìlómítà. Erin kò jẹ oko àgbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, agégi náà kò sì ráyè wọlé bó ṣe wù ú. Ọgbà dára fún erin. Kò lè dáhùn ìbéèrè ti ẹni tó ń gbé inú igbó.

Ìjọba fòfin de igi gígé ní 2018. Ní 2023 Ààrẹ William Ruto ní kí wọ́n ṣí i padà kí àwọn ayagi lè ríṣẹ́ ṣe, òun kan náà tó ṣèlérí pé Kẹ́ńyà yóò gbin bílíọ̀nù 15 igi kó tó di 2032. Igi tí wọ́n gbìn dára, àmọ́ kò sí ẹni tó lè gbin igbó kédárì, ólífì àti muthengera láàárín ọdún mẹ́wàá. Èyí tó wà nílẹ̀ ni ó yẹ kí ọwọ́ kọ́kọ́ dì mú.

Ọ̀rọ̀ àwọn Ogiek ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù. Láyé òyìnbó, wọ́n lé wọn kúrò nínú Mau. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n tún lé wọn, wọ́n ní torí kí igbó má baà bàjẹ́ ni, nígbà tí wọ́n sì ń yọ ilẹ̀ igbó kan náà fún ẹlòmíràn. Ní oṣù kárùn-ún 2017, Ilé-Ẹjọ́ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Arusha dájọ́ pé ìjọba Kẹ́ńyà jẹ̀bi, àti pé a kò lè di ẹ̀bi bíbàjẹ́ igbó Mau ru àwọn Ogiek. Ní oṣù kẹfà 2022, ilé-ẹjọ́ kan náà ní kí ìjọba san owó gbà-má-bínú tó lé ní mílíọ̀nù 157 owó ṣílè Kẹ́ńyà, kí wọ́n sì ya ilẹ̀ wọn sọ́tọ̀ fún wọn, pẹ̀lú ìwé, gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo wọn. Ní oṣù kọkànlá 2023, àwọn olùṣọ́ igbó tún wọ Sasimwani, wọ́n sì wó ilé àwọn Ogiek níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ti sọ tirẹ̀. Ìjọba ni yóò mú ìwé ilẹ̀ náà jáde, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ lé àwọn tó ni ín lọ́wọ́.